Ẹrù Bàbá Erin Tó Kún Inú Kọ̀ǹpútà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò gba oko, kò gba odò. Inú kọ̀ǹpútà ló gbà wọlé, orí Ìjàpá ló já lé.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko jọ ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń gbá géèmù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Erin ni wọ́n gbé e sí, torí Erin ni àgbà ìlú. Erin fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n tàn. Ó kàn máa ń nù ún láràárọ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Wọ́n ti fẹnu kò: ẹni tí géèmù rẹ̀ bá ga jù lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni yóò di olórí ẹ̀rọ fún ọdún kan gbáko. Ehoro ti fi ọdún mẹ́ta gun géèmù eré ọkọ̀ dé ìpele àádọ́rùn-ún. Ìjàpá wà ní ìpele keje. Ó ti pẹ́ níbẹ̀.

Àfi bí àyè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí tán nínú ẹ̀rọ. Ehoro pa àwọn àwòrán rẹ̀ rẹ́, àyè yọ. Ilẹ̀ mọ́, àyè ti lọ. Ó pa orin rẹ̀ rẹ́. Ilẹ̀ mọ́, kò sí àyè. Etí rẹ̀ méjèèjì nà ròó: ọ̀kan ń fura sí Ọ̀bọ, èkejì ń fura sí gbogbo ayé.

"Ọ̀bọ, kí lo kó sínú ẹ̀rọ yìí?"

"Fíìmù kan."

"Kan báwo?"

"Ehoro, ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni? Fíìmù kan. Mi ò tíì wò ó tán pàápàá."

Ehoro wo ojú Ọ̀bọ. Ó wo ìrù rẹ̀. Ó fura sí ìrù náà.

Ìjàpá yọjú. "Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ ti ń darúgbó ni. Ẹ jẹ́ ká pa ohun tó wúwo jù rẹ́, kó má baà kú mọ́ wa lọ́wọ́. Géèmù Ehoro kọ́ ni?"

Ehoro dìde. Ọdún mẹ́ta! "Ẹ fún mi dọ̀la," ló wí.

Ó jókòó, ó ń yẹ àpò tí kálukú kó nǹkan rẹ̀ sí wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ. Gbogbo wọn kéré. Ó wá kan ọ̀kan tó ti gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àyè. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé: ẸRÙ BÀBÁ ERIN. ỌMỌDÉ KÌ Í TÚ U.

Ọwọ́ Ehoro lọ síwájú, ó padà. Ní ìlú yẹn, èèyàn lè bá àgbà ru ẹrù, kì í tú u. Gbogbo ẹranko ti rí àpò náà, wọ́n sì ti yà fún un. Ọ̀bọ tilẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ kí i nígbà kan.

Ṣùgbọ́n Erin tí kò mọ ẹ̀rọ tàn, báwo ló ṣe di ẹrù sínú rẹ̀?

Nígbà tí gbogbo wọn pé lọ́jọ́ kejì, Ehoro dọ̀bálẹ̀ níwájú Erin. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ bá wa dín ẹrù yín kù díẹ̀."

"Ẹrù wo?"

"Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, Bàbá."

Erin ronú títí. Àgbà kì í sáré sẹ́ dúkìá. "Mi ò rántí ẹrù kankan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ tèmi, ẹ tú u kí n rí i."

Ìjàpá fò dìde. "Háà, Bàbá! Ẹrù àgbà kì í ṣe ohun à ń tú ní gbangba o!"

"Ìjàpá, ṣé tèmi ni, àbí tìẹ?"

Ìjàpá tún jókòó. "Tiyín ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ìwọ gan-an ni kó o tú u."

Ó tú u. Fídíò ọ̀ọ́dúnrún ló tú jáde. Gbogbo ìgbà tí Ìjàpá bá jókòó gbá géèmù ló ń ní kí ẹ̀rọ ká a sílẹ̀, kí àyè lè tán, kí wọ́n lè pa géèmù Ehoro rẹ́; òun náà ló fi orúkọ Erin bò wọ́n. Nínú ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ Ìjàpá já sí kòtò. Nínú èkejì, kòtò kan náà ni.

"Ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́, Bàbá," Ìjàpá bẹ̀bẹ̀.

"Ẹrù mi lo fẹ́ pa rẹ́?" Erin fa àga súnmọ́ ẹ̀rọ. "Mo fẹ́ wo ẹrù mi tán."

Gbogbo ìlú bá a wò ó. Ọ̀ọ́dúnrún ìgbà ni Ìjàpá já sí kòtò, lójú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀. Bí wọ́n bá ti wo ọ̀kan tán, Erin á ní kí wọ́n pa á rẹ́, àyè á sì yọ. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ìpele àádọ́rùn-ún ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ehoro di olórí ẹ̀rọ. Ọ̀bọ rí àyè wo fíìmù rẹ̀ tán. Ehoro ò tíì gba ìrù Ọ̀bọ gbọ́ síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti ń fa orí wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀ bí èrò bá ti pé jọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fi orúkọ àgbà di ẹrù ìkà, ojú àgbà ni yóò ti tú u. Bí mo bá purọ́, kí ọbẹ̀ alẹ́ yìí má rí àyè nínú ikùn mi. Ẹ wá gbé e fún mi, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.