Ọ̀nà tí Àwẹ̀ró Gbà

Láyé ọjọ́un ní ìlú Ìdóòsùn, ìyá àgbà kan wà tí à ń pè ní Ẹfúnyẹmí. Ìkòkò ló ń mọ, ebu tó ti ń mọ ọ́n sì ni àwọn òbí ń mú ọmọbìnrin wọn lọ kọ́ṣẹ́. Ìyá náà láàánú, ṣùgbọ́n ẹnu ló fi ń kọ́ni: yóò wí i, ọmọ yóò wí i tẹ̀lé e, ó parí.

Àwẹ̀ró wà lára àwọn ọmọ náà. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ òye rẹ̀ kì í tètè là. Ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta mọ̀, a máa gbà á ní oṣù mẹ́ta. Ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n ó mọ ìkòkò tó dára. Ọ̀nà ọjà ló kù, nítorí àṣà ebu náà ni pé ọmọ kì í gba ìdásílẹ̀ àfi bó bá dá ru ìkòkò ara rẹ̀ dé ọjà tó wà lódì kejì odò.

“Ní oríta, yà sọ́tùn-ún. Lẹ́bàá àkùrọ̀, yà sósì. Gba orí igi kọjá odò.” Bí Ẹfúnyẹmí ṣe máa ń wí nìyẹn. Àwẹ̀ró kò sì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Nígbà àkọ́kọ́, inú oko iṣu ni wọ́n ti rí i. Nígbà kejì, ó yí po títí ó fi padà dé ebu, ó bá kí ìyá àgbà pé, “Ẹ kú ọjà o!” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, òun náà bá wọn rín in. Ìyá àgbà tún ọ̀nà náà wí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ohùn rẹ̀ ló ń ga, òye ọmọ kò ga.

Ọ̀jẹ́dìran, bàbá ọmọ náà, wá. “Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sóko, kó máa bá mi lé ẹyẹ.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àwẹ̀ró. “Bàbá, mi ò fẹ́ lé ẹyẹ. Ìkòkò ni mo fẹ́ máa mọ.”

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá àgbà wọra. Ó ní, “Ọ̀jẹ́dìran, fún mi ní ọjà márùn-ún sí i. Bí kò bá lè dá dé ọjà nígbà náà, kí o mú un lọ.”

Lọ́jọ́ kejì, ó bá ọmọ náà jáde, kò sì dárúkọ ọ̀tún tàbí òsì.

“Àwẹ̀ró, kí ló ń rùn sí ọ?”

“Irú ni, ìyá.”

Wọ́n tẹ̀lé òórùn náà dé agbo ilé ìyá onírú.

“Kí lo ń gbọ́ báyìí?”

“Alágbẹ̀dẹ ń lu irin.”

Wọ́n tẹ̀lé ìró náà. Ọ̀nà yìí jìn, ó yí orísun odò po láìgba orí igi, ṣùgbọ́n ó já sọ́jà. Ìyá àgbà bẹ onírú àti alágbẹ̀dẹ pé kí wọ́n máa kí ọmọ náà bó bá ń kọjá. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n jọ rìn ín.

Ọjọ́ ọjà karùn-ún, tí í ṣe ọjọ́ ìdánwò, pé. Òjò ńlá rọ̀ ní ìdájí, odò gbé igi afárá lọ. Àwọn ẹgbẹ́ Àwẹ̀ró tó ń lọ tà dúró létí omi, ìkòkò lórí, wọ́n ń wí pé, “Gba orí igi kọjá odò! Gba orí igi kọjá odò!” Igi dà?

Ọ̀jẹ́dìran ti sọdá sọ́jà láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti ká ẹní ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá láti mú un lọ sóko. Ó ṣàdédé rí ìkòkò tó ń bọ̀ lókèèrè, ó wo abẹ́ rẹ̀, Àwẹ̀ró ni!

“Ta ló mú ọ wá?”

“Èmi ni mo mú ara mi wá. Ẹ kú ọjà o!”

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Òun gan-an ló ra ìkòkò àkọ́kọ́.

Títí Àwẹ̀ró fi dàgbà tó sì ní ebu tirẹ̀, kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Ẹfúnyẹmí kò sì tún kọ́ ọmọ kankan láìkọ́kọ́ bi í ní ohun tó ń rí àti ohun tó ń gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ pé ọmọ kan kò lè kọ́ ẹ̀kọ́, àwọn àgbà Ìdóòsùn á dá a lóhùn pé: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.