Igbá tí Ìbídùn Fín

Ní ìlú Òkè-Igbá, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùn. Iṣẹ́ igbá fífín ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ti gbé igbá lé itan, tí ó mú ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó lọ́wọ́, kò sí ohun tí kò lè yà sí i lára: alángbá, ewé, ẹyẹ, òṣùpá. Òun ni aya Olóyèdé, ọmọ Bàbá Láṣebìkan. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó ní, Àyọ̀ká, ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Oyún mìíràn sì ti hàn lára rẹ̀.

Bàbá Láṣebìkan ni olórí ilé. Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ni, ó sì ti joyè, nítorí náà ẹrù kò gbọdọ̀ kan orí rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó máa ń ra aṣọ fún àwọn ìyàwó ilé, ó sì máa ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ti dé iwájú rẹ̀, kì í rántí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹja àrọ̀ tí Olóyèdé bá pa lódò, ẹyin awó tí wọ́n bá rí nínú igbó, inú igbá Bàbá ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Àṣà wọn ni pé àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹun. Lọ́sàn-án, ọmọdé kan a gbé oúnjẹ lọ fún un lóko, a sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi jẹun tán. Ohun tí àgbà bá jẹ kù ni oúnjẹ ọmọ náà. Ibẹ̀ nìkan sì ni ọmọdé ti ń rí ẹja àti ẹyin jẹ, nítorí ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ lásán ni àwọn tó wà nílé ń jẹ. Ẹni tó bá jẹ àjẹkù ni yóò ru igbá padà sílé. Wọn kì í jẹ́ kí igbá oúnjẹ àgbà sùn lóko, nítorí kìkì àgbà tó bá kú sóko ni igbá rẹ̀ ń sùn síbẹ̀.

Àyọ̀ká ló ń gbé oúnjẹ Bàbá. Bàbá a máa jẹ, kì í wo ẹ̀yìn. Igbá òfìfo ni ọmọ náà ń rù bọ̀ wálé, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó jẹ kí ó tó rù ú.

Nígbà tó yá, Ìbídùn rí i pé irun ọmọ náà ń pọ́n bí irun orí àgbàdo. Kì í sáré mọ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré, yóò fẹ̀yìn ti ògiri, yóò máa wò wọ́n. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ kún.

"Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń sanra?" ni ìyá ọkọ Ìbídùn ń wí. "Ilé wa yẹ ẹ́."

Ṣùgbọ́n apá ọmọ náà ni Ìbídùn ń wò ní tirẹ̀. Bí ó bá ń wẹ̀ fún un, tí ó fi àtàǹpàkò àti ìka kan ká apá náà, ìka a pàdé, àyè a sì tún kù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó pọ̀n ọ́n lọ sọ́dọ̀ Ìyá Efúnyẹmí, agbẹ̀bí ìlú, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí Ìbídùn gan-an sí.

"Ìyá, ó ń jẹun o," ni Ìbídùn wí. "Ó ń jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ̀kọ lálẹ́."

Ìyá Efúnyẹmí fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọmọ náà. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ jìn sínú, kò sì dìde.

"Wò ó. Ọwọ́ mi ti kúrò, ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ebi ni."

"Ebi kẹ̀, Ìyá?"

"Ikùn rẹ̀ yó. Ara rẹ̀ ni ebi ń pa. Ẹ̀kọ ń dí ikùn, kì í mọ ara. Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tútù, àwọn ló ń mọ ara ọmọ. Ìwọ tí o lóyún yìí náà, bákan náà ni. Ohun tí o bá jẹ ni èyí tó wà nínú rẹ ń jẹ."

"Bàbá ní ẹyin ń sọ ọmọdé di olè."

Ìyá Efúnyẹmí fi ọwọ́ nu ojú Àyọ̀ká. "Ọmọ tí ebi ń pa ló ń jí ẹyin, Ìbídùn. Èmi kò tíì rí ọmọ tó yó tó lọ ń wá inú ìtẹ́ adìẹ aládìẹ kiri."

"Bí ó bá wá rí báyìí lọ ńkọ́?"

Ìyá àgbà náà wo ọmọ náà. "Kò ní rí òjò tó ń bọ̀."

Ìbídùn gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Kí ó tó dé ilé, ó ti pinnu. "Òjò yóò rọ̀," ni ó ń wí sí ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. "Òjò yóò rọ̀, yóò sì bá Àyọ̀ká lórí ìdúró."

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Olóyèdé tẹ orí ba.

"Bàbá ni. Kí ni mo lè sọ fún un?"

"Ọmọ ni," ni Ìbídùn dáhùn. "Kí ni mo lè sọ fún òun náà?"

Ó gbìyànjú láti wá ẹyin fúnra rẹ̀. Àwọn tó bá wá gba igbá máa ń fi ẹyin tàbí ẹja gbígbẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ a gbà á, a ní ti Bàbá ni. Ìgbà tó rí i pé gbogbo ohun rere inú ilé kò ní ọ̀nà mìíràn ju inú igbá Bàbá lọ, ó ní ó dára, inú igbá náà ni òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ó mú igbá ńlá kan, ó sì jókòó tì í. Ó fín aboyún kan sí i lára, ó fín ọmọdé tó di aṣọ rẹ̀ mú. Ó fín ẹja, ó fín ẹyin, ó fín ẹ̀wà nínú èèpo rẹ̀, ó fín ewé ẹ̀fọ́ pẹ̀lú iṣan rẹ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn kọjú sí aboyún náà àti ọmọ rẹ̀. Nínú igbá, ó fa ìlà kan yípo.

Àwọn obìnrin rí i lódò.

"Ìbídùn, ta ni oníkùn gbẹ̀ǹdù yìí? Ìwọ ni?"

"Gbogbo wa ni."

"Ọkọ tèmi yóò ní mo ya ẹja síta kí ó lè máa wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ̀kọ lásán." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ìbídùn sọ fún wọn ohun tí Ìyá Efúnyẹmí wí, ẹ̀rín náà sì tán. Obìnrin kan wo ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Òmíràn fi ọwọ́ tẹ ti ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igbá wá bá a, ọkọ̀ọ̀kan, pé kí ó fín irú rẹ̀ fún àwọn. Kò pẹ́ tí igbá náà fi dé agbo ilé púpọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, tó bá ń bu ọbẹ̀, yóò tún rí i lára igbá.

Ìbídùn kúnlẹ̀ gbé ti Bàbá fún un.

"Ó dára," ni Bàbá wí. "Ọwọ́ rẹ kò ní kán, ìyàwó. Ìlà inú rẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ohun tó wà lókè ìlà, tiyín ni, Bàbá. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi fi sílẹ̀ fún ọmọ yín, tẹja tẹyin. Ara rẹ̀ kò yá. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn yín."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Kò wo ẹsẹ̀ ọmọ. "Ilà ojú ni mo mọ̀. N kò mọ̀ pé wọ́n ń kọ ilà fún ọ̀fun àgbà. Ẹyin kẹ̀, ìyàwó? Ṣé o fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọmọ ní olè jíjà ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Àyọ̀ká dé láti oko, ó sọ igbá kalẹ̀.

"Kí ni Bàbá jẹ kù?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ìlà náà."

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọmọ náà jókòó sójú ọ̀nà oko tòun ti igbá òfìfo, tí kò lè dìde mọ́. Aládùúgbò kan ló gbé e wálé.

Nígbà tó di àkókò oúnjẹ lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ Ìbídùn ń wá ọmọdé tí yóò rán lọ sóko. Ìbídùn ní kí wọ́n má wá ẹnikẹ́ni. Ó gbé Àyọ̀ká pọ̀n, ó gbé igbá rù, oyún rẹ̀ wà níwájú, ó sì gba ọ̀nà oko lọ.

"Ìwọ fúnra rẹ?" ni Bàbá bi í nígbà tó rí i.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹni tó ń gbé e wá kò lè rìn."

Bàbá wo orí ọmọ tó fì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ sọ nǹkan. Ìbídùn ṣí igbá, òórùn ẹja àrọ̀ gba afẹ́fẹ́, iyán funfun wà níbẹ̀, ẹyin awó yọ ojú nínú ọbẹ̀.

"Yóò dára," ni Bàbá wí, ó sì fọ ọwọ́.

Ìbídùn lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ń jókòó sí. Bàbá jẹ, ó jẹ.

"Bàbá, ẹ ti dé ìlà," ni Ìbídùn wí jẹ́jẹ́.

"Ìlà kì í yó èèyàn." Kò wo ẹ̀yìn. Ó jẹ ẹyin, ó jẹ orí ẹja, ó fi òkèlè tó kẹ́yìn nu ìdí igbá, ó sì lá ìka rẹ̀.

Ìbídùn wá síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì yí igbá náà kí ó lè rí inú rẹ̀.

"Bàbá, nílé wa, ta ló ń ru igbá padà sílé?"

"Ẹni tó bá jẹ àjẹkù ni."

"Ta ló jẹ àjẹkù lónìí?"

Bàbá wo inú igbá. "Rù ú, ìyàwó. Má fi àṣà bá mi jà."

"N kò bá yín jà, Bàbá. Ẹrù wà lẹ́yìn mi, ẹrù wà níwájú mi. Àwọn méjèèjì yìí ni mo gbọ́dọ̀ gbé délé láàyè." Ó dìde, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Bàbá rò pé yóò padà. Oòrùn yẹ̀ lórí, kò padà. Àwọn ọmọdé tó ń bọ̀ láti oko mìíràn ń kọjá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá bá mi ru igbá yìí."

Ọmọbìnrin kan yọjú wo inú rẹ̀. "Bàbá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ẹ ó jẹun nílé."

"Ẹni tó jẹun níbẹ̀ ni kó rù ú, Bàbá. Àwa náà ti ru tiwa." Ó fi ọwọ́ kan igbá orí rẹ̀, wọ́n sì sáré lọ.

Bàbá ronú láti fi igbá náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sùn síbẹ̀, ẹni tó bá rí i láàárọ̀ yóò lọ túfọ̀ rẹ̀ nílùú. Ó fẹ́ gbá a mọ́ra, ó tóbi jù, ọkọ́ àti àdá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Nígbẹ̀yìn, ó ṣí fìlà, ó ká a ṣe òṣùká, ó sì gbé igbá lé orí ìjòyè.

Ọ̀nà odò nìkan ló wọ ìlú, àkókò omi pípọn sì ni. Àwọn obìnrin rí i, wọ́n sọ ìkòkò omi kalẹ̀. Wọ́n rí aboyún náà lórí rẹ̀, wọ́n rí ọmọ náà, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, ewé ẹ̀fọ́. Ìyá Efúnyẹmí ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ẹrù o, Bàbá."

"Ẹ kú ẹrù o," ni òmíràn wí. "Ẹ kú ẹrù o." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí i títí ó fi kọjá, kò sì sí ẹni tó fi í rẹ́rìn-ín. Bàbá di igbá mú lókè orí. Ìka rẹ̀ bọ́ sí ojú ibi tí Ìbídùn fín ọmọdé náà sí, ó jìn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Igbá òfìfo ni, ó sì ń wúwo sí i.

Kò yà sí iyàrá rẹ̀ nígbà tó délé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìbídùn ni ó lọ, níbi tí Àyọ̀ká dùbúlẹ̀ sí. Ó sọ igbá kalẹ̀.

"Ẹsẹ̀ náà dà?"

Ìbídùn ká aṣọ kúrò. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibẹ̀ jìn sínú. Ó dúró pé kí ó dìde. Kò dìde.

"Ibi tí mo jẹ kọjá ìlà nìyí," ni ó wí.

Ó wọ iyàrá lọ, ó kó ẹyin awó tó wà nípamọ́ fún un jáde, ó kó wọn lé Ìbídùn lọ́wọ́. "Sè é fún un. Jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí inú rẹ. Bí ó bá di olè, èmi ni kí wọ́n wá mú."

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Láṣebìkan kì í jẹ kọjá ìlà mọ́. Ó máa ń wo ẹ̀yìn, a ní, "Àyọ̀ká, súnmọ́ ibí." Ara ọmọ náà kò bọ̀ sípò lọ́jọ́ kan. Ìbídùn ń ká apá rẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, títí di ọjọ́ tí ìka rẹ̀ kò pàdé mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ bá Àyọ̀ká lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lórí ìdúró, ó la ẹnu sókè, ó ń gbe omi mì. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò rẹ̀, tó jáde pẹ̀lú igbe tó gba gbogbo agbo ilé kan, òun ló ru igbá lọ sóko láti lọ sọ fún Bàbá, òun náà ló sì rù ú padà, tòun ti epo ọbẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àwọn tó rí ìjòyè tó ru igbá gba ọ̀nà odò wọ̀lú lọ́jọ́sí kò sì gbàgbé. Bí àgbà kan bá ti fẹ́ gbàgbé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí wọ́n ń rán an létí títí di òní ni pé: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.