Ìdí Tí Adìyẹ Fi Ń Ha Ilẹ̀ Lórí Òkìtì Àgbàdo

Nígbà láéláé, adìyẹ kì í fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Kí ló fẹ́ wá níbẹ̀? Àkùkọ a kó àgbàdo jọ gègèrè, Àgbébọ̀ ìyàwó rẹ̀ a gúnwà sórí rẹ̀, a máa ṣà á jẹ.

Ṣùgbọ́n ọkàn Àgbébọ̀ ń ṣàìsàn. Bí ewé lásán bá jábọ́, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, á sì fò dìde lórí ẹyin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹyin rẹ̀ ti tutù. Kò pa ọmọ kan.

"Jókòó jẹ́ẹ́, ìyàwó mi," ni Àkùkọ ń wí. "Aláìsàn kì í rìn." Ẹni tí kò sàba rí ló ń kọ́ni ní ìsàba.

Nígbà tó sú Àgbébọ̀, ó wọ́ ara rẹ̀ tọ Àparò oníṣègùn lọ nínú oko. Àparò gbé etí lé e láyà.

"Ọlọ́dẹ kan ń bẹ nínú àyà gbogbo wa," ó ní. "Òun ló ń na ọkàn ní pàṣán pé kó sáré, ewu dé. Tìẹ kò ríṣẹ́ ṣe, ló ṣe ń pe ewé ní olè. Fún un níṣẹ́, kó lè sinmi. Máa ha ilẹ̀ láràárọ̀, díẹ̀díẹ̀. Tí èémí ẹ ò bá jẹ́ kí o lè bú mi mọ́, dúró."

"Kí n bú yín kẹ̀, Ìyá Àparò?"

"Ẹnu ẹ ni mo fẹ́ fi wọn èémí ẹ."

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, Àgbébọ̀ ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Alá... alákìísà," ló rí sọ, ó bá dúró. Lọ́jọ́ keje, ó ní, "Alákìísà, aṣọ yín pọ́n bíi ti ẹni tó sùn nínú ààrò." Nígbà tí oṣù fi parí, ó ti bú Àparò dé ìran kẹrin, èémí rẹ̀ kò já.

"Ẹnu ẹ ti gbó," ni Àparò wí. "Lọ sàba."

Àgbébọ̀ yé ẹyin mẹ́sàn-án, ó sàba lé wọn. Òjìji àṣá kọjá lórí rẹ̀. Ọlọ́dẹ àyà rẹ̀ la ojú kan, ó tún pa á dé. Ẹyin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló pa.

Inú Àkùkọ dùn, ó da àgbàdo jọ. "Ìyá ọmọ, ó yá, wá jókòó."

Àgbébọ̀ gun òkìtì náà, ó sì fi ẹsẹ̀ tú u ká.

"Oúnjẹ lò ń fọ́n dà nù yìí o."

"Ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi, baálé."

Láti ọjọ́ náà ni adìyẹ ti ń ha ilẹ̀, ì báà dúró lórí àgbàdo. Ohun tó sì máa ń kùn lábẹ́ ẹnu bó ṣe ń ha á, Àparò nìkan ló gbọ́ ọ. Kì í ṣe àdúrà.