Ẹja Tí Ìyá Omíyalé Wẹ̀ Bí Ọmọ

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹja ṣì ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ tí èèyàn sì ń dá a lóhùn, àrọ̀ ní ìpẹ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìpẹ́ ni mo wí, ó bò ó láti ọrùn dé ìrù, ó ń dán yinrinyinrin. Orí rẹ̀ ṣe roboto. Bí ẹ bá sì gbé e kúrò nínú omi, kò ní pẹ́ kú.

Odò Ògbẹ̀rẹ̀ ló ń gbé. Àwọn apẹja ibẹ̀ kò ní sùúrù rárá. Dípò kí wọ́n dẹ àwọ̀n kí wọ́n sì dúró, wọ́n á gún ewé olóró, wọ́n á dà á sódò, àti ẹja ńlá àti ọmọ ẹja á sì léfòó pọ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe é tí odò fi dákẹ́. Àrọ̀ tó kù kò ju méjì lọ, akọ kan, abo kan.

Ìyá Omíyalé ló rí wọn nígbà tó lọ pọnmi. Ìyá àgbà yìí ló ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun abúlé náà, kò sí orí ọmọ kan níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀. Àánú ṣe é. Ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn apẹja jà títí wọ́n fi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní da ewé sódò mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ ẹja méjèèjì kí wọ́n bá òun kálọ sílé. Ó ní kí wọ́n máa bímọ sínú ìkòkò ńlá òun, òun á máa kó àwọn ọmọ náà padà sódò títí odò á fi kún.

Abo àrọ̀ rò ó títí.

"Ìyá, a ó bá yín lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe gbà wá ni kí ẹ ṣe dá irú wa padà."

Ìyá ní ìyẹn kò le.

Àṣé ó le. Ìyá kò tọ́ ẹja rí, ọmọ èèyàn nìkan ló mọ̀ ọ́n tọ́. Kí wá ni kó ṣe? Ohun tó mọ̀ náà ló ṣe. Láràárọ̀ á na ẹsẹ̀ lórí àpótí, á gbé wọn lé e, á fi kàn-ìn-kàn-ìn bó wọn lára. Ìpẹ́ ń já bọ́, ìyá rò pé ìdọ̀tí ni, ló bá tún múra sí i. Á tẹ orí wọn kó lè dára. Á fi òrí pa wọ́n lára. Á wá jù wọ́n sókè lẹ́ẹ̀mẹta, bí a ti ń ju ọmọ kí ẹ̀rù má baà máa bà á. Òkè yẹn ni wọ́n ti ń gbé afẹ́fẹ́ mì, nígbà tó yá ó mọ́ wọn lára.

Irùngbọ̀n àrọ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Inú ìkòkò ṣókùnkùn, ètè ni wọ́n fi ń táràrà wá ọ̀nà, ibẹ̀ ni irùngbọ̀n ti hù.

Lọ́jọ́ kan, abo àrọ̀ rí òjìji ara rẹ̀ nínú omi tó tòrò. Ara bọ̀rọ́, orí pẹrẹsẹ. Ó sunkún.

"Ìyá, kí lẹ fi mí ṣe yìí? Ta ló máa mọ ọmọ mi lódò?"

Ojú ti ìyá. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó kó kàn-ìn-kàn-ìn kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n àrọ̀ ní òun kò ní bímọ, kí ìran òun kúkú parí. Jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn náà, kò yé ẹyọ ẹyin kan.

Àkọ́rọ̀ wá rọ̀. Omi ń dà láti orí koóko ilé sínú ìkòkò. Inú ṣì ń bí àrọ̀, ṣùgbọ́n òjò kò bi í léèrè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹyin ti kún ìkòkò.

Àwọn ọmọ náà jáde bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bíi ti ìyá wọn. Ìyá Omíyalé fi igbá kó wọn lọ sódò. Ẹja ẹpìyà, tí ìpẹ́ bò bí aṣọ, rí wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwọn tí kò láṣọ yìí máa bọ̀ wá sin òun.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì le gan-an. Odò fà, ó ku ẹrẹ̀. Ẹpìyà kú síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀. Àwọn ọmọ àrọ̀ yọ orí pẹrẹsẹ wọn sókè, wọ́n gbé afẹ́fẹ́ mì, wọ́n sì wọ́ gba inú ẹrẹ̀ lọ síbi tí omi ṣì jìn.

Ìyá Omíyalé sáré délé, kò tilẹ̀ lè mí dáadáa.

"Wọ́n wà láàyè," ló wí. "Gbogbo wọn."

Abo àrọ̀ yọ orí sókè nínú ìkòkò.

"Ìyá, ẹ mú kàn-ìn-kàn-ìn yín wá. Ẹ wẹ̀ mí."

Láti ìgbà náà ni àrọ̀ kò ti ní ìpẹ́ mọ́, tí orí rẹ̀ tẹ́, tó sì ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bí àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tó fẹ́ bímọ, á fi odò sílẹ̀, á máa wọ́ lórí koríko tútù bọ̀ lọ́nà abúlé. Àwọn kan ní oúnjẹ ló ń wá. Irọ́ ni. Ìyá Omíyalé ló ń wá, kó lè bá a wẹ ọmọ.