Ẹja Tó Ń La Ẹnu

Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Àánú pàápàá ní àṣejù tirẹ̀.

Nígbà tí ọkọ Mosúnmọ́lá ń rìnrìn àjò, ó fi ẹja mẹ́ta sílẹ̀ fún un nínú àpótí gíláàsì, ó ní kó tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ kejì, omi náà funfun bí omi ògì. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Kó tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, omi tún ti dàrú, ẹja kan sì ti kú. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀, ó gbàdúrà lé e. Ìkejì tún kú.

"Olúwa, kí ni mo ṣe?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ níwájú àpótí náà, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ, tí wọ́n sì ń bù ú sínú omi.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe?"

"O ò rí i bó ṣe ń wò mí, tó ń la ẹnu? Ṣé kí n máa dá jẹ lójú ẹ̀ ni?"

"Bí ẹja ṣe ń mí nìyẹn, Màámi! Àwọn méjì tó kú ńkọ́?"

"Mo ṣebí ebi ló pa wọ́n. Ìyẹn ni mo ṣe fi kún ti èyí."

Mosúnmọ́lá rọra gba abọ́ náà. Omi tòrò, ẹja kan ṣoṣo yè. Láti ìgbà náà, bí Màmá bá fẹ́ jẹun, wọ́n á kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ẹja náà.