Kòkó Abẹ́ Koríko

Abọ́sẹ̀dé, ọkùnrin kan wà tí agídí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tìrẹ. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Iná ti lọ, ẹ̀rọ ẹ́síréè ọsibítù yìí ò lè ṣiṣẹ́, ìyá ọkọ rẹ sì ti jáde lọ ra omi. Jókòó sórí bẹ́ńṣì yìí kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ kó tó dé.

Àgbẹ̀ ni. Oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ti gbó, àwọn igi ibẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbin òmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀dá pa á. Ní ìgbà kẹrin, àwọn ọmọ kòkó náà hù. Wọn ò tíì ga ju ìka ọwọ́ lọ, koríko sì bò wọ́n. Inú ọkùnrin yìí dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Ó ní ojú ayé ti pọ̀ jù, kí wọ́n kọ́kọ́ ga tó orúnkún ná.

Ó wà nínú ẹgbẹ́ aláàáró. Ọkùnrin méje ni wọ́n, tí wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ oko ara wọn ní yíyípo. Ọ̀kan nínú wọn ló máa ń gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn tó fi ń fín oògùn apakoríko. Nígbà tó kan oko ọkùnrin yìí, afínkoríko náà dúró, ó bèèrè bó ṣe máa ń bèèrè lóko gbogbo èèyàn.

“Bàbá, ṣé ẹ gbin nǹkan kan síhìn-ín?”

Ọkùnrin yìí wo àwọn tó kù. Ó rí i pé gbogbo wọn ń gbọ́. Ó ní, “Kò sí nǹkan kan.”

“Ẹ rò ó dáadáa o. Oògùn yìí ò mọ kòkó yàtọ̀ sí koríko.”

“Mo ní kò sí! Ṣé mo jọ òpùrọ́ lójú rẹ ni?”

Afínkoríko bá fín in.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, koríko pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọn ọmọ kòkó náà sì gbẹ. Ọkùnrin yìí sáré lọ sílé afínkoríko, ó ń pariwo pé ó ti pa kòkó òun. Ìyẹn lajú sílẹ̀. “Kòkó wo? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín. Ká ní ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sọ ọ́ sí mi létí, ǹ bá fi agbọ̀n bò wọ́n. Ǹ bá tiẹ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.”

Ẹnì kan ṣoṣo tó lè gba kòkó náà là, òun gan-an ló fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún.

Ìwọ náà ńkọ́? Ọdún mẹ́rin lo ti ń wá ọmọ. Èmi nọ́ọ̀sì tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́. Nǹkan oṣù rẹ ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́, ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ sí mi létí níbí. O ṣubú lórí ọ̀kadà, ìbàdí ń dùn ọ́, dókítà ní kí wọ́n ya ẹ́síréè. Ọkùnrin inú yàrá ẹ́síréè yẹn bi ọ́ bóyá o lè ti lóyún. O wo ojú ìyá ọkọ rẹ, o ní rárá. Ó tún bi ọ́, o tún ní rárá. Ká ní iná ò lọ ńkọ́? Háà! Ọ̀rọ̀ yín sú mi.

Mo mọ̀ pé o ti sọ fún ìyá ọkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan rí pé o lóyún, àmọ́ oyún náà wálẹ̀, gbogbo àdúgbò sì gbọ́. Ó dùn mí fún ọ. N ò ní kí o sọ fún un.

N ò sì sọ pé májèlé ni ẹ́síréè. Èyí tí wọ́n yà láyà rẹ lọ́dún tó kọjá ò ṣe oyún yìí ní nǹkan kan, má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú. Bí wọ́n bá ya ẹsẹ̀, ìtànṣán tó ń dé ilé ọmọ ò tó nǹkan. Ìbàdí ló gba ìṣọ́ra, torí ibi tí ọmọ máa wà gan-an ni ìtànṣán náà máa gbà kọjá. Bóyá kò tiẹ̀ ní ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ́kọ́ fi ìtọ̀ rẹ yẹ oyún wò. Wọ́n lè sún ẹ́síréè náà síwájú, tàbí kí wọ́n lo ẹ̀rọ tí kò ní ìtànṣán. Bó bá sì pọn dandan, dókítà á sọ bí wọ́n ṣe máa yà á. Ta ló máa ṣe gbogbo ìyẹn fún obìnrin tó ní kò sí nǹkan kan?

Wò ó, iná ti dé. Ìyá ọkọ rẹ ti ń bọ̀ lẹ́nu géètì. Ọkùnrin yẹn ti ṣílẹ̀kùn, á sì bi ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó bi àgbẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kẹta. Dìde, wọlé kí màmá tó dé ibí, ti ìlẹ̀kùn, kí o sọ fún ọkùnrin yẹn.