Ibi Tí Ẹsẹ̀ Bá Tẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Mo ní àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ̀yin àgbà tó wà lórí pèpéle lọ́hùn-ún, ẹ gbè é, ẹ má dákẹ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn yín. Àlọ́ tòní kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Ẹni tó bá sì ń retí ẹ̀rín, kó tètè lọ sùn. Mo ti pa àlọ́ yìí tó ìgbà díẹ̀, inú mi kò dùn sí i rí. Àlọ́ mi ta kìtì, ó fò gìrì, ó bọ́ sórí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onílé àti Òkété opó.

Ní ìgbà kan rí, òjò kan rọ̀ nílùú àwọn ẹranko. Òjò náà kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Àgbàdo ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ká àgbàdo tán, kò dá. Ọjà tí wọ́n ń ná lábẹ́ igi di àbàtà. Iyọ̀ yọ́. Èlùbọ́ bu. Ẹni tó bá gbé ọjà jáde láàárọ̀, ẹrẹ̀ ló máa rù wálé.

Òkété wà lára àwọn ọlọ́jà náà. Ẹkùrọ́ ló ń tà. Tàkúté ló pa ọkọ rẹ̀ nígbà tí oyún àbíkẹ́yìn wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọmọ náà ní Bàbárímisá. Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi wọ ihò rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ jáde, ó kó àwọn agbọ̀n ẹkùrọ́ rẹ̀ jáde. Ẹkùrọ́ yẹn lọjà rẹ̀, òun náà loúnjẹ àwọn ọmọ títí ọ̀pẹ yóò fi so mìíràn. Ẹkùrọ́ ò gbọdọ̀ rà, ẹkùrọ́ ò sì gbọdọ̀ tán. Bó bá tán, àwọn ọmọ tán.

Ibo ló wá kù tó gbẹ? Ihò àpáta Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí kò gbẹ́ ihò, kò sì ru amọ̀. Bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Odò ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà ti fi amọ̀ mọ ògiri kan tó nípọn sí ẹ̀gbẹ́ odò, inú ihò wá gbẹ táútáú. Nígbà tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rí bí òjò ṣe ń lé àwọn ẹranko kiri, ó pín inú ihò sí ìsọ̀ wẹ́wẹ́, ó fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sí àárín, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ́jú òjò o," ló ń wí. "Ìsọ̀ wà. Ibi gbígbẹ wà."

Òkété kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Bàbá onílé, mo bẹ̀ yín. Èló ni?"

"Ìyá ẹlẹ́kùrọ́, dìde. Èmi kì í rẹ́ni jẹ. Ẹni tó gba kékeré á san kékeré, ẹni tó gba ńlá á san ńlá. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, igbá ẹkùrọ́ kan, lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan."

Ìgbín wà níbẹ̀, bàbá àgbàlagbà tó ń ta òrí. "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀," ó ní, "kí lò ń pè ní ìsọ̀? Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀, níbo ló parí sí?"

"Áà, Bàbá, ìbéèrè àgbà nìyẹn! Ibi tí ẹsẹ̀ ayálégbé bá tẹ̀ nínú ihò yìí, òun ni ìsọ̀ rẹ̀. Ṣé kò tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ó tẹ́ wa lọ́rùn!" Gbogbo wọn ló pariwo. Àrá ń sán lórí wọn. Ta ló fẹ́ dúró sínú òjò kó máa yẹ ọ̀rọ̀ wò? Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ dùn létí wọn: ibi tí mo bá tẹ̀, tèmi ni! Wọ́n rò pé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń lawọ́ ni.

Láyé ìgbà náà, ẹranko kì í tẹ̀ka. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ amọ̀ tútù. Bí amọ̀ bá ti gbẹ, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ nìyẹn, baba ẹni kò lè yí i. Òkété tẹ ẹsẹ̀. Ẹtu tẹ ẹsẹ̀. Òòrẹ̀ tẹ ẹsẹ̀. Ìgbín ò lẹ́sẹ̀, ó fi àyà wọ́ kọjá lórí amọ̀.

Ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́ pé. Òkété wọn ìsọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré. Ó wọn igbá ẹkùrọ́ mẹ́wàá sílẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò wo igbá, ilẹ̀ ló ń wò. Erùpẹ̀ kíkúnná ló bo ilẹ̀ ihò náà, ipa ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń hàn lórí rẹ̀. Ó tọ ipa ẹsẹ̀ Òkété jáde nínú ìsọ̀, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó kéré wọ̀n ọ́n bó ṣe ń lọ.

"Ìyá ẹlẹ́kùrọ́, ó kù."

"Kí ló kù, Bàbá onílé? Ìsọ̀ mi ò ju ibí lọ."

"Ta ló ni ẹsẹ̀ yìí?"

"Èmi ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo gbà wọlé. Ṣé kí n máa fò ni?"

"N ò ní kó o fò. Ibi tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ni mo wí. Ẹsẹ̀ rẹ tẹ̀ ẹ́ àbí kò tẹ̀ ẹ́?"

"Ó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbogbo wa ni! Ẹtu ń gba ibẹ̀. Òòrẹ̀ ń gba ibẹ̀. Ẹ̀yin pàápàá ń gba ibẹ̀!"

"Ẹtu á san. Òòrẹ̀ á san. Èmi kì í ṣe ayálégbé."

Ẹ gbọ́ o! Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo. Ó tà á fún Òkété, ó tà á fún Ẹtu, ó tún yíjú, ó tà á fún Òòrẹ̀. Òkété ò gbà. Ó ní, "Bí mo bá sanwó ọ̀dẹ̀dẹ̀, tèmi ni. Màá to agbọ̀n mi síbẹ̀."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Títẹ̀ ni mo tà fún ọ, n ò ta ilẹ̀." Ó na ọwọ́ sí amọ̀ gbígbẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹsẹ̀ ta nìyẹn?"

Òkété wo ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó padà sídìí agbọ̀n, ó tún ń wọn ẹkùrọ́.

Ó kan Ìgbín. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wo ilẹ̀ títí, itọ́ nìkan ló rí. "Bàbá, ẹsẹ̀ yín dà?"

"Ìwọ ni kó o wá a," Ìgbín ló wí bẹ́ẹ̀, ó rọra gun ògiri lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ẹ̀rín tó kẹ́yìn nínú àlọ́ yìí nìyẹn.

Nítorí ní ọjọ́ ọjà kejì, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá wọ̀n. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ ayálégbé, ẹsẹ̀ ayálégbé ni. Agbọ̀n kan tán. Òkété bá gbé àwọn ọmọ gun orí agbọ̀n tó kù, ó ní kí wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀. Láti ìgbà náà, wọn kò rìn mọ́. Orí agbọ̀n ni wọ́n ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbárímisá dìde. Ọmọ náà kò tíì rìn rí láyé rẹ̀. Ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó di etí agbọ̀n mú, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, ẹ mọ ohun tí à ń ṣe bí ọmọ bá kọ́kọ́ rìn. A óò ṣí apá sílẹ̀. A óò ní tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. A óò pe ará ilé jáde kí wọ́n wá wò ó. Òkété kò pe ẹnikẹ́ni. Ó sáré já ọmọ gbà, ó gbá a lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ipa ẹsẹ̀ kékeré náà rẹ́.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. "Má pa á rẹ́, mo ti rí i. Ẹ kú oríire ọmọ tó rìn o." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n.

Òkété gbé ọmọ sẹ́yìn, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ bá mi gbè é, tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ lẹ ó máa wí:

Ọmọ mi, má tẹ̀ ẹ́ o,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́.*
Ilẹ̀ yìí kì í ṣe ti baba rẹ,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́.*
Ẹsẹ̀ rẹ ń jẹ oúnjẹ rẹ,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́.*
Jókòó jẹ́ẹ́ kí òjò ó dá,
*Tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́.*

Òjò ò dá.

Ǹjẹ́ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yó? Olójúkòkòrò kì í yó. Ẹkùrọ́ kún yàrá rẹ̀ débi pé kò rí ibi sùn. Ó wá ń wo ògiri bàbá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. "Ẹ wo bí ògiri yìí ṣe nípọn! Ẹ wo ilẹ̀ tó jókòó lé! Ẹsẹ̀ kan ò lè tẹ ibẹ̀, ẹnìkan ò sì lè san nǹkan kan lórí rẹ̀. Òfò ni." Ó mú èékánná, ó ń ha ògiri náà láti inú. Lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀. Bó ṣe ń ha á ni ìsọ̀ ń fẹ̀, bí ìsọ̀ ṣe ń fẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n mọ́ àwọn ayálégbé lọ́rùn.

Ìgbín tó wà lára ògiri ló kọ́kọ́ mọ̀. "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ògiri yìí ti ń làágùn. Mò ń gbọ́ odò lábẹ́ àyà mi."

"Ẹni tí kò san nǹkan kan kì í sọ̀rọ̀ nílé mi."

Ìgbín yíjú sí Òkété. "Ìyá, kó àwọn ọmọ rẹ jáde."

"Kí n kó wọn lọ síbo, Bàbá?" Ó na ọwọ́ sí agbọ̀n tí àwọn ọmọ jókòó lé. "Agbọ̀n kan ló kù. Bí mo bá gbé e sínú òjò, á rà. Bí mo bá jókòó, á tán. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí n ṣe, màá ṣe é."

Ìgbín wo òjò tó ń rọ̀ lóde, ó wo agbọ̀n náà, ó wọ́ jáde, ó gun orí àpáta lọ.

Ọ̀sán gangan ni ògiri wó. Gbìì! Odò wọlé. Ẹtu fò jáde. Òòrẹ̀ sá jáde. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń sáré lọ sínú, ó ń ké, "Ẹkùrọ́ mi! Ẹkùrọ́ mi!" Òkété fa ọmọ méjì lọ́wọ́, ìkẹta di ìrù rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ wọn ti kú tipiri, ńṣe ló ń wọ́ wọn nínú omi títí ó fi gbé wọn sórí òkè. Ó yíjú padà.

Bàbárímisá ṣì wà lórí agbọ̀n. Omi ò tíì ju orúnkún lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbárímisá! Sọ̀kalẹ̀! Máa bọ̀! Tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ọmọ mi! Tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́!"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó wá ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó jókòó lé wọn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Kí ìyá rẹ̀ tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi ti gbé agbọ̀n, ó gbé ọmọ.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò kú o. Irú wọn kì í tètè kú. Ó jáde lọ́wọ́ òfo, gbogbo ẹkùrọ́ ti bá odò lọ, ihò bàbá rẹ̀ ti di odò. Títí dòní, inú igbó ló ń sá kiri, adìyẹ ló ń jí gbé. Òkété sì búra pé òun ò ní yá ilẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbẹ́ ihò tirẹ̀. Bó bá wọlé, á fi erùpẹ̀ dí ẹnu ihò náà lẹ́yìn ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wá wọn nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ lọ wò ó nínú oko, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílẹ̀, ẹni tó bá ń fẹ ilẹ̀ rẹ̀ lójú nítorí èrè nìkan, ògiri ara rẹ̀ ló ń ha. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń yá ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka ààlà hàn yín kí ẹ tó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ amọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti parí rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, n ò ní purọ́ fún yín: Ìgbín béèrè, wọ́n sì dá a lóhùn, òjò ló ń pa àwọn tó kù tí wọn ò fi gbọ́ èsì náà yé. Ẹni tí òjò ń pa tọmọtọmọ, ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ ló máa gbà.